Ìgè Tó Fẹsẹ̀ Wáyé: Alẹ́ Tí Iná Lọ Mọ́ BBC2 Lọ́wọ́

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, 20 oṣù Kẹrin, 1964, àwọn ìdílé kan jókòó síwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán wọn nílùú Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń retí ọmọ tuntun. BBC ti dá ọjọ́, wọ́n ti dá àkókò: ní aago 7:20 ni ìkànnì wọn kejì, BBC2, máa kọ́kọ́ fojú hàn. Àwọn tó jókòó yìí ti náwó sí i. Wọ́n ti ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n ti gbé àǹtẹ́nà tuntun sórí òrùlé. Aago 7:20 kọjá. Kò sí orin, kò sí eré, kò sí èyíkéyìí nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣèlérí fún wọn.

Iná ti lọ.

Ní nǹkan bí aago 6:45 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìjàǹbá iná ṣẹlẹ̀ ní Battersea, nílé iṣẹ́ ńlá tó ń pèsè iná mànàmáná létí odò Thames, èyí tó ní òpó eéfín mẹ́rin tí kò sí ará Lọ́ńdọ̀nù tí kò mọ̀ ọ́n. Iná ló wá pa iná. Apá ńlá ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ṣókùnkùn, Television Centre tó wà ní Wood Lane, ilé tí BBC kọ́ bí àmì ìbéèrè tí wọ́n sì ṣí ní 1960, sì wà lára ibi tó ṣókùnkùn náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ ṣe ìkómọ.

Àwọn ará Britain máa ń ka alẹ́ yìí mọ́ àwọn àṣìṣe orí afẹ́fẹ́ tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹ́ràn irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ débi pé wọ́n ya ètò sọ́tọ̀ fún un: Denis Norden bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lórí ITV ní 1977, Terry Wogan náà ṣe tirẹ̀ fún BBC láti 1991. Ẹni tó ń ka ìròyìn á ṣì ọ̀rọ̀ sọ, ògiri á wó lẹ́yìn òṣèré, gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè fi alẹ́ BBC2 sáàárín ìwọ̀nyẹn. Ìtàn ìsọmọlórúkọ ni mo kà á sí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ tẹ̀lé bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí Yorùbá ló ní èdè tó bá a mu jù. Àwa la mọ̀ pé orúkọ méjì ni ọmọ lè ní. Ọ̀kan wà tí òbí jókòó rò, tí wọ́n sọ ọ́: àbísọ nìyẹn. Ọ̀kan wà tí ọmọ fúnra rẹ̀ gbé wá látọ̀run: ẹni tó fẹsẹ̀ jáde ni Ìgè, kò sí ìyá tó lè sọ pé òun ò fẹ́ ẹ.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni BBC wò? Láti 1936 ni wọ́n ti ń ṣe amóhùnmáwòrán, láti Alexandra Palace lórí òkè ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ìkànnì kan ṣoṣo. Ní 1955 ni orogún dé, ITV, tó ń fi owó ìpolówó ọjà jẹun, àwọn ará ìlú sì ya lọ bá a. Nígbà tí ìjọba ní kí ìgbìmọ̀ kan wò ó bóyá kí wọ́n fi ìkànnì kẹta kún un, àti ẹni tí wọ́n máa gbé e fún, ìgbìmọ̀ Sir Harry Pilkington jábọ̀ ní 1962 pé BBC ló tọ́ sí. Báyìí ni oyún ṣe dúró. Lọ́jọ́ tí ọmọ máa wáyé, ìyá pàápàá máa yí orúkọ padà: ohun tí gbogbo ènìyàn ti ń pè ní BBC TV di BBC1. A mọ èyí dáadáa nílé wa. Obìnrin tó ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀ látilẹ̀ á di Ìyá Lágbájá lọ́jọ́ tó bá bímọ.

Bóyá ẹni tó wá ojú fún ìkànnì náà ronú bẹ́ẹ̀, n ò lè fọwọ́ sọ̀yà, àmọ́ àwòrán tí wọ́n yà bá ìrònú náà mu gẹ́lẹ́. Kangarúù méjì ni. Ìyá ń jẹ́ Hullabaloo, ìyẹn ariwo ńlá; ọmọ inú àpò ikùn rẹ̀ ń jẹ́ Custard, kọ́sítáàdì tí a ń pò fọ́mọdé mu láàárọ̀. Ìyá ni BBC1, ọmọ tó fẹ́ fò jáde láti inú àpò ni BBC2. Wọ́n fi àwọn ẹranko méjì yìí polówó ìkànnì náà káàkiri kí ọjọ́ tó pé. Mo ti wo àwòrán wọn dáadáa. Ó dùn ún wò, ó bá ọmọdé mu, ó yá mọ́ni. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i á mọ̀ pé wọn ò fẹ́ kí ará ìlú bẹ̀rù ìkànnì kejì yìí pé ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni.

Wọ́n ní ìdí láti bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí BBC2 ṣe ni ohun tí BBC1 àti ITV kò ráyè ṣe nínú ìjà wọn. Michael Peacock, ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí ìkànnì náà, pín ọ̀sẹ̀ sí ojú méje, kí alẹ́ kọ̀ọ̀kan ní irú ètò tirẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí àpẹẹrẹ, jẹ́ ti ẹ̀kọ́. Ìyẹn náà jẹ́ irú àmì ìdánimọ̀ kan, pé kí ẹni tó bá tan ẹ̀rọ mọ ibi tó wà láìsí pé ẹnìkan sọ fún un. Kò pẹ́ lọ títí. Ẹni tó bá fẹ́ràn eré kì í fẹ́ dúró di ọjọ́ eré.

Ìnáwó tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí òkùnkùn alẹ́ náà dun àwọn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Àwòrán orí amóhùnmáwòrán ayé ìgbà náà, ìlà ìlà ni ẹ̀rọ ń fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kíákíá, tójú á fi rò pé odindi ni. Ìlà 405 ni BBC àti ITV ń lò. BBC2 ló kọ́kọ́ lo ìlà 625 nílẹ̀ náà, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ ju tàwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àtijọ́ ò mọ ìlà 625 rárá. Ìgbì tí wọ́n fi ń gbé e kiri tún yàtọ̀: ìgbì kúkúrú ni, kì í lè gun òkè kọjá, àǹtẹ́nà àtijọ́ ò sì lè gbá a mú. Ẹni tó bá fẹ́ BBC2 gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ohun tó wà ní pálọ̀ àti ohun tó wà lórí òrùlé. Lẹ́yìn gbogbo èyí, Lọ́ńdọ̀nù àti agbègbè rẹ̀ tí òpó Crystal Palace ń tàn dé nìkan ló lè rí i. Ìparí ọdún 1964 ló tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará àárín gbùngbùn England. Nígbà tí ètò bọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Match of the Day bẹ̀rẹ̀ lórí BBC2 ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, tí Liverpool na Arsenal 3-2, iye ènìyàn tó wò ó nílé, nǹkan bí 20,000, kò tó ìdajì àwọn tó wà ní pápá Anfield lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ń dúró de BBC2 lálẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn kò pọ̀, wọ́n sì ti sanwó ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹ wo ohun tí wọ́n fẹ́ fi kí wọn. Àwọn aláwàdà tó ń jẹ́ The Alberts, tí wọ́n fi orúkọ eré wọn ṣeré pẹ̀lú orúkọ ìkànnì. Eré olórin Kiss Me, Kate. Arkady Raikin, aláwàdà tí gbogbo ilẹ̀ Rọ́ṣíà mọ̀, tí wọ́n mú wá sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè náà ń wo ara wọn bí ọ̀tá. Lẹ́yìn náà, iná aláràbarà tí wọ́n máa yìn sójú ọ̀run láti èbúté Southend. Wọ́n tiẹ̀ máa ń sọ ọ́ nínú ilé BBC títí dòní pé wọ́n gbé kangarúù gidi wá sí Television Centre fún ayẹyẹ náà, àti pé inú lífìtì ni iná ti lọ mọ́ ọn. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àánú ẹranko náà ṣe mí.

Mo ti wà nínú irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kan nílẹ̀ wa níbí, yàrá tí a ti ń gbé ètò jáde sórí afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi mí sí. Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí ìròyìn alẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan, iná lọ. Kì í ṣe ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Amúlétutù dákẹ́, àwọn fáànù kéékèèké inú ẹ̀rọ dákẹ́, mo wá ń gbọ́ aago ọwọ́ ọ̀gá mi bó ṣe ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Ìka mi wà lórí bọ́tìnnì tí mo fẹ́ tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún un tẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò so mọ́ nǹkan kan mọ́. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀ tí kò jí. Nínú yàrá kejì, ìyáàfin tó fẹ́ ka ìròyìn ò dìde lórí àga; ó gbé tọ́ọ̀ṣì lé orí tábìlì, ó ń kà á lójú ara rẹ̀ kó má bàa gbàgbé. Nígbà tí iná máa fi dé, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ẹnìkan sì béèrè pé, "Kí la fẹ́ sọ?" Ọ̀gá mi ní, "Ẹ sọ fún wọn pé iná lọ. Ṣé wọn ò mọ̀ ni?"

Ìbéèrè yẹn kan náà ló wà níwájú BBC, ó kàn jẹ́ pé òkùnkùn tiwọn tóbi ju tiwa lọ. Ọ̀nà àbáyọ kan ló wà: Alexandra Palace, níbi tí ẹ̀ka ìròyìn wọn wà nígbà náà. Iná ò lọ níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gba BBC1 là, òun kò dákẹ́. Láti ibẹ̀ náà ni ọmọ tuntun ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ní nǹkan bí aago 7:25, Gerald Priestland, tó ń ka ìròyìn, fojú hàn lórí BBC2, ó sì sọ fún àwọn tó ń wò pé iná ti lọ. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ìkànnì náà nìyẹn. Kì í ṣe orin, kì í ṣe àwàdà. Ọkùnrin kan jókòó nídìí tábìlì, ó ń ṣàlàyé ìdí tí ohun tí wọ́n ṣèlérí kò fi wáyé. Orí òkè kan náà tí wọ́n ti bí amóhùnmáwòrán BBC ní 1936 ni ọmọ rẹ̀ ti kígbe àkọ́kọ́ ní 1964, láìsí pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè ka ibẹ̀ kí ara mi má bù máṣọ.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Associated-Rediffusion, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ITV fún Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọ̀sẹ̀, ránṣẹ́ sí BBC pé àwọn lè bá wọn gbé ètò náà jáde. Orogún ló nawọ́ yìí. Orúkọ Rediffusion náà ò ṣàjèjì sí wa. Àpótí rẹ̀ tó máa ń wà lára ògiri ni àwọn bàbá wa ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ilé iṣẹ́ tó sì bá ìyá kan náà tan, Overseas Rediffusion, ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bá dòwò pọ̀ láti dá WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn, 31 oṣù Kẹwàá, 1959. Nígbà tí BBC2 ń wá ojú tí yóò fi hàn ayé, WNTV ti ní tirẹ̀ fún ọdún mẹ́rin ó lé, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré tí kò ní ẹranko kankan nínú: First in Africa. Mo mẹ́nu kàn án nítorí pé ẹni tó ń kọ ìtàn àmì ìdánimọ̀ àwọn ìkànnì máa ń ṣe bíi pé Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

BBC kò gba ìrànlọ́wọ́ náà. Ó yé mi. Ẹni tó ń ṣe ìkómọ kì í gbé ọmọ lọ sílé orogún láti lọ sọ ọ́ lórúkọ. Síbẹ̀, inúure ni, ó sì yẹ kí àkọsílẹ̀ yìí ní in.

Àwọn òṣìṣẹ́ Television Centre dúró. Wọ́n retí pé iná máa tó dé, bí gbogbo ẹni tí iná lọ mọ́ lọ́wọ́ ṣe máa ń retí. Kò dé. Ní aago 10 alẹ́, wọ́n kéde pé ó di ọjọ́ kejì.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìkànnì náà wá bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, àwọn tó sì bẹ̀rẹ̀ fún ni kò sí ẹni tó rò ó. Ètò tó wà nílẹ̀ fún aago 11 àárọ̀ jẹ́ ti àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé-ìwé lọ. Play School ni orúkọ rẹ̀. Gordon Rollings àti Virginia Stride ló tọ́kùn rẹ̀. Ilé kan wà nínú ètò náà, ó ní ilẹ̀kùn, ó ní fèrèsé oríṣiríṣi, wọ́n á sì yan fèrèsé tí wọ́n máa gbà wo ayé. Nítorí pé gbogbo àgbà tí wọ́n ti pè síbi ayẹyẹ alẹ́ kò rí i ṣe, àwọn ọmọdé ló ṣí ilẹ̀kùn BBC2. Ètò yìí wà lórí afẹ́fẹ́ títí di 1988. Ọ̀pọ̀ àgbà ní Britain lónìí ló ṣì lè dárúkọ àwọn bèbí inú rẹ̀ fún ọ, láìsinmi.

Nígbà tí alẹ́ lẹ́, wọ́n tún ìkómọ ṣe. Ohun tí wọ́n ṣe nígbà náà ni mo rò pé ó jẹ́ àmì ìdánimọ̀ BBC2 ní tòótọ́, kò sì sí ẹni tí wọ́n sanwó fún láti yà á. Denis Tuohy, ọmọ Belfast, ló máa kí àwọn tó ń wò. Wọ́n pa iná yàrá náà. Ojú tí àwọn ènìyàn rí ṣókùnkùn bí ti àná, àfi àbẹ́là kan tó ń jó. Àwọn tó jókòó nílé á ti rò pé ó tún ti ṣẹlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là náà kan ojú Tuohy. Ó wo kámẹ́rà, ó sì fẹ́ ẹ pa. Ètò sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú ìṣe yẹn. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kangarúù, wọ́n ní eré, ètò àná ṣì wà nílẹ̀ tí wọ́n máa lò. Àbẹ́là kan tí kò tó nǹkan ni wọ́n fi sọ fún ẹni tó náwó sí ẹ̀rọ tuntun pé, "A mọ̀ pé o jókòó sókùnkùn lánàá. Àwa náà jókòó síbẹ̀." Kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ gígùn. Ìkànnì tí ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má rò pé ó gbéraga ti bá àwọn tó ń wò ó sọ̀rọ̀ bí ẹbí.

Kangarúù náà kò pẹ́ láyé. Láìpẹ́, wọ́n kó Hullabaloo àti Custard kúrò, àwọn àmì tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ nọ́ḿbà: 2 lásán, ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan wọ̀nyí láyé ìgbà náà á mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni. Èyí tí BBC kọ́kọ́ ní, tí Abram Games ṣe ní 1953, wáyà idẹ àti iná kéékèèké ni, tí wọ́n tò, tí wọ́n sì gbé kámẹ́rà síwájú rẹ̀; àwọn ènìyàn pè é ní ìyẹ́ àdán. Àgbáyé tó ń yí lórí BBC1 fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀rọ kékeré ló ń yí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kámẹ́rà kan tí wọ́n ń pè ní Noddy, torí pé ó ń mi orí bí ẹni tó ń gbà: aago, àgbáyé àti àwọn páálí tí wọ́n kọ nǹkan sí wà níwájú rẹ̀, ó á kọjú sí èyí tí wọ́n bá fẹ́. Dúdú àti funfun nìkan ló ń rí. Ẹ̀rọ mìíràn ló ń fi àwọ̀ sí i. Tí mọ́tò tó ń yí àgbáyé bá dúró, àgbáyé dúró lójú gbogbo ìlú. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àṣìṣe àti àmì ìdánimọ̀ ń gbé yàrá kan náà.

Ọmọ tó fẹsẹ̀ wáyé náà sì dàgbà kíákíá. David Attenborough gba ipò olórí ìkànnì náà ní 1965, lábẹ́ rẹ̀ ni BBC2 sì fi di ìkànnì àkọ́kọ́ ní Yúróòpù tó ń gbé ètò jáde déédéé pẹ̀lú àwọ̀, láti orí pápá tẹ́níìsì Wimbledon, 1 oṣù Keje, 1967. Ìlà 625 tó fi ìyà jẹ àwọn ènìyàn ní 1964 ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ní 1979, nọ́ḿbà 2 tuntun kan dé, ìlà méjì méjì, tí kò sí kámẹ́rà níwájú rẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ ìṣirò ló ń yà á fúnra rẹ̀ sójú afẹ́fẹ́. Wọ́n kọ orúkọ náà ní lẹ́tà TWO ní 1986. Èyí rẹwà, àmọ́ ó tutù.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn tó ń wò fi hàn pé wọ́n ka BBC2 sí ìkànnì àwọn tó gbéraga, tí ètò rẹ̀ ń suni. Ẹ̀rù tí kangarúù wá lé lọ ní 1964 ti padà wálé. Wọ́n ránṣẹ́ sí Martin Lambie-Nairn, ẹni tó ti fi nọ́ḿbà 4 aláwọ̀ púpọ̀ tó ń tú ká tó sì ń para pọ̀ dá Channel 4 mọ̀ láti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982. Ní 16 oṣù Kejì, 1991, àwọn 2 rẹ̀ bẹ̀rẹ̀: nọ́ḿbà ńlá kan pẹ̀lú àwọ̀ ewé kan tó jinlẹ̀. Ọ̀kan ni kí wọ́n da ọ̀dà lù ú pọ̀ọ̀. Ọ̀kan ni kó já bọ́ bí abẹ ìdà, kó gún ilẹ̀. Ọ̀kan ni kó wà lábẹ́ aṣọ síliíkì, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ aṣọ náà. Nígbà tó yá, ọ̀kan di ajá onírun múlọ́múlọ́ tí wọ́n fi ń ṣeré, tó ń gbó, tó ń tàkìtì. Mo fẹ́ràn ajá yìí ju gbogbo wọn lọ. Ó gba ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kí ẹranko tó padà sójú BBC2, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí nọ́ḿbà fúnra rẹ̀ ni ẹranko náà.

Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà sọ ohun kan lẹ́yìn rẹ̀ tó máa ń yà mí lẹ́nu: àwọn tó ń wò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ètò BBC2 ti yàtọ̀, ó ti yá mọ́ni, bẹ́ẹ̀ ètò kan náà ni. Ojú ló yí padà. Àwọn ọlọ́jà máa ń gbé èyí jáde bí ẹ̀rí pé àmì lágbára. Ọ̀nà mìíràn ni mo gbà kà á. Lambie-Nairn ò mú ohun àjèjì wá. Ìkànnì tó lè fẹ́ àbẹ́là pa lójú gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ kejì ìjákulẹ̀ rẹ̀ ti ní irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀ nínú látilẹ̀. Wọ́n kàn gbàgbé rẹ̀ sí ẹ̀yìn lẹ́tà TWO ni.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò sí ẹni tó rò pé ẹ̀dà kankan wà nínú ohun tó jáde lálẹ́ 20 oṣù Kẹrin. Fọ́rán wọ́n nígbà yẹn, wọ́n máa ń pa èyí tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n lè tún un lò, ta ló sì máa tọ́jú alẹ́ tí kò sí ètò? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2003 ni wọ́n rí i. Ẹnìkan ti gbà á sílẹ̀, ẹnìkan ti gbé e pamọ́, ó ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ọdún. Priestland ló wà nínú rẹ̀ ní Alexandra Palace, ó ń sọ fún wọn pé iná ti lọ ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù.